Má tíì ta lathe rẹ: kọ́kọ́ wọn irin náà níbi mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra lathe kékeré kan (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a) tí ẹlòmíràn ti lò rí, mo gbé e sórí tábìlì nínú yàrá iṣẹ́ mi nílé. Bí mo bá fi ọ̀pá mild steel (irin lásán tí kò le púpọ̀) tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 mìlímítà sínú chuck (ẹnu ẹ̀rọ tó ń di irin mú), tí mo fá nǹkan bí 150 mìlímítà nínú rẹ̀, orí ọ̀pá máa ń nípọn ju ìdí tó wà lẹ́bàá chuck lọ ní 0.15 mìlímítà. Ojú irin kì í dán, ìlà wínníwínní ló máa ń kún un, ẹ̀rọ á sì máa ké gooro. Bí mo bá wá fẹ́ gé ọ̀pá náà kúrò, ọ̀bẹ ìgékúrò á há sínú irin, á sì kán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta ẹ̀rọ náà, kí n ra èyí tó tóbi. Kí lẹ rí sí i?

Àbúrò, má tíì tà á. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tó fi hàn dájú pé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni ọ̀pá tó yọ jáde jù, ọ̀bẹ tí kò dúró síbi tó yẹ, àti ọwọ́ tó ń bẹ̀rù irin. Bí o bá ra ẹ̀rọ ńlá, á bo díẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù á bá ọ dé ìdí ẹ̀rọ tuntun.

Jẹ́ ká mú 0.15 yẹn ná, torí òun ló lè sọ fún wa ibi tí àìsàn wà.

Irin máa ń tẹ̀. Bí o bá di ìdí pankẹ́rẹ́ mú, tí ẹnì kan fi ìka kan ti orí rẹ̀, o ò ní bi mí pé kí ló dé tó fi sún. Ọ̀pá irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú wa ni kò rí i. Tìrẹ yọ jáde ní 150 mìlímítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 20, ìyẹn ni pé ó yọ jáde ní ìlọ́po méje àbọ̀ ìbú ara rẹ̀, kò sì sí ohun tó dì í mú lórí kejì. Bí ọ̀bẹ bá ń wọnú irin ní 1 mìlímítà, tó ń rìn ní 0.1 mìlímítà fún ìyípo kan, agbára tó fi ń ti ọ̀pá sẹ́yìn lè tó ìwúwo kílò mẹ́wàá. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: kílò mẹ́wàá lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ á ti orí rẹ̀ sẹ́yìn ní nǹkan bí 0.07 mìlímítà. Níwọ̀n bí irin ti ń yí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló kàn, ìbú rẹ̀ á sì fi 0.14 nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wo 0.14, kí o wo 0.15 tìrẹ. Ẹ̀rọ kò tíì dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Títẹ̀ yìí kì í sì í fi ìdọ́gba pọ̀ sí i. Bí gígùn tó yọ jáde bá di ìlọ́po méjì, títẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ìbú ọ̀pá bá dín sí ìdajì, títẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ti ọ̀pá rẹ wọnú chuck títí tí 75 mìlímítà péré fi yọ jáde, 0.14 á wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.02. O ò ra ohun kan, o ò sì tún ohun kan ṣe. Òfin kan náà ló de ọ̀pá tí a fi ń fẹ ihò nínú, òun náà ló sì de ọ̀bẹ ẹ̀rọ milling (ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ló ń yí) tó bá gùn jù lẹ́nu ohun tó dì í mú.

Má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀. Fá ọ̀pá náà bí o ṣe máa ń fá a, kí o wá fi micrometer (ohun ìwọ̀n tó ń rí ìyàtọ̀ kékeré) wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta: lẹ́bàá chuck, láàárín, àti lórí. Bó bá jẹ́ pé títẹ̀ ni, àárín kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí, bóyá 0.02 péré, gbogbo ìyókù á kóra jọ sápá orí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni kò tọ́, ìnípọn náà á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé orí, àárín á sì gba bí ìdajì rẹ̀, ìyẹn 0.07 tàbí 0.08. Ẹ̀rí kejì tún yá ju ìyẹn lọ. Má fọwọ́ kan cross-slide (èyí tó ń ti ọ̀bẹ wọnú irin) rárá, fa carriage (èyí tó ń gbé ọ̀bẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin) padà sí orí ọ̀pá, kí o jẹ́ kí ọ̀bẹ tún gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá. Bí èérún irin bá ṣì ń jáde lápá orí, tí nǹkan kan kò sì jáde mọ́ lẹ́bàá chuck, ọ̀pá ló ń sá fún ọ̀bẹ.

Èmi kì í jẹ́ kí irin yọ jáde ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀ lọ láìfi center (irin ṣóńṣó) ti orí rẹ̀ láti tailstock (apá ẹ̀rọ tó dojú kọ chuck lódì kejì). Àwọn kan ń dé mẹ́rin, mi ò bá wọn jà. Bó bá ti kọjá mẹ́wàá, center nìkan kò tó mọ́, àárín ọ̀pá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ìgbà yẹn ni steady tó ń gbé irin láàárín wúlò.

Ṣùgbọ́n center náà ní wàhálà tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kó tó dà ọ́ láàmú. Tailstock ọ̀pọ̀ lathe kékeré ṣe é sún sí ẹ̀gbẹ́, bóòtù ló dì í mú. Ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ lè ti sún un láti fá irin tó tín lọ lórí, kó má sì dá a padà. Bí irin bá nípọn lápá tailstock lẹ́yìn tí o ti fi center tì í, sún tailstock sọ́dọ̀ ara rẹ, níbi tí ọ̀bẹ wà. Bí ibi tí o fá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó gbogbo ọ̀pá, ìdajì ìyàtọ̀ ni kí o sún un, kì í ṣe gbogbo rẹ̀: bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 0.10, sún un ní 0.05. Gbé dial indicator (aago ìwọ̀n tó ń fi ìsún kékeré hàn) tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o tó tú bóòtù, torí ojú lásán kò lè rí 0.05.

Ooru tún wà níbẹ̀ o. Ọ̀pá irin tó gùn ní 200 mìlímítà, bó bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 40 lórí Celsius, á gùn sí i ní nǹkan bí 0.1 mìlímítà. Bí chuck bá dì í mú níhìn-ín, tí center dúró gbọin lọ́hùn-ún, kò ní ríbi gùn sí, á tẹ̀ láàárín. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ń gùn, máa dẹ center díẹ̀, kí o tún un dì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí irin tó kúrú, tó nípọn, tí kò lè tẹ̀, bá ṣì ń nípọn lápá kan, ìgbà yẹn la tó lè fura sí ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ nìyí. Mú ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ tó 40 mìlímítà, jẹ́ kó yọ jáde ní nǹkan bí 140, má fi center tì í. Fá àárín rẹ̀ kó lọ sílẹ̀ díẹ̀, kí òrùka méjì ṣẹ́kù, ọ̀kan lẹ́bàá chuck, ọ̀kan lórí. Pọ́n ọ̀bẹ kó mú dáadáa, kí o sì fá òrùka méjèèjì pọ̀ ní 0.05 péré láìyí cross-slide padà láàárín wọn. Wọ̀n wọ́n. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 0.01 lọ, pa ẹ̀rọ tì, jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ló jókòó.

Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bed ẹ̀rọ (irin gígùn ìsàlẹ̀ tí carriage àti tailstock ń rìn lórí rẹ̀) ló lọ́. Irin bed lathe kékeré kò le tó bí a ṣe rò: bí tábìlì tí o dè é mọ́ bá wọ́, yóò wọ́ tẹ̀lé e. Bí òrùka orí bá nípọn ju ti ìdí lọ, ọ̀bẹ ń sún jìnnà sí irin bó ṣe ń lọ sápá ibẹ̀. Dẹ bóòtù ẹsẹ̀ iwájú lápá tailstock, ìyẹn ẹsẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ, ki irin pelebe tó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, dè é padà, kí o tún òrùka méjèèjì fá. Bí ti orí bá tín ju ti ìdí lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lo máa gbé sókè. Irin pelebe 0.1 mìlímítà lè yí èsì padà pátápátá, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn á ní kí o gbé level sórí ẹ̀rọ kó lè tẹ́jú pẹrẹsẹ. Level wúlò láti mọ̀ bóyá iwájú àti ẹ̀yìn bá ara wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní dandan kí lathe tẹ́ pẹrẹsẹ. Lathe wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ń gbé sókè sódò, irin tí wọ́n ń fá níbẹ̀ sì ń tọ́. Kí bed má ṣáà ti lọ́.

Ó tó lórí ìyẹn. Igbe tí ẹ̀rọ rẹ ń ké ni èyí tó dùn mọ́ mi jù láti sọ̀rọ̀ lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe òdìkejì ohun tó yẹ.

Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé kí a rọra: kí ọ̀bẹ má wọlé púpọ̀, kó sì máa rìn jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nídìí lathe. Ọ̀bẹ tí o kò jẹ́ kó gé irin, á máa ha irin. Híha yẹn á tì í sẹ́yìn, irin á bọ́ padà, á tún tì í, ni yóò bá di ìgbọ̀n. Ìgbì tí ìyípo àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ lójú irin ni ọ̀bẹ yóò tún gùn ní ìyípo kejì, igbe á máa le sí i. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o dín eré ẹ̀rọ kù, kí o sì jẹ́ kí ọ̀bẹ rìn yára díẹ̀ sí i. Dín èyí kù, fi kún ìyẹn. Gbìyànjú rẹ̀ kí o tó yí ohun mìíràn.

Eré wo ló yẹ? Fún mild steel àti ọ̀bẹ high-speed steel (irin ọ̀bẹ tí kì í tètè kú bó bá gbóná), mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú kan. Sọ mítà yẹn di mìlímítà, sọ ìbú irin di ìlọ́po 3.14, kí o fi iye yẹn pín in. Fún ọ̀pá 20 mìlímítà tìrẹ, ó jẹ́ nǹkan bí ìyípo 450 ní ìṣẹ́jú kan. Alumíníọ̀mù lè gba ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin dídà tó ṣú (cast iron), tí èérún rẹ̀ máa ń dà bí ìyẹ̀fun, ń fẹ́ ohun tó kéré sí ti mild steel. Bí ìbú irin bá tóbi, ìyípo á dín. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìyẹn bí wọ́n bá gbé irin 60 mìlímítà sẹ́nu chuck.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Èmi fara mọ́ high-speed steel tí o fọwọ́ ara rẹ pọ́n fún ẹ̀rọ tó kéré bẹ́ẹ̀. Láti 1900 tí Taylor àti White ti gbé e hàn ayé ní Paris, tí ẹnu ọ̀bẹ pọ́n bí ẹyin iná tó sì ń gé irin lọ, kò sí ohun tó tíì lé e kúrò nínú yàrá iṣẹ́ kékeré. Carbide, ohun líle kékeré tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ orí ọ̀bẹ, dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tó lágbára: ẹnu rẹ̀ kò mú ṣáṣá, wọ́n dìídì rẹ́ ẹ díẹ̀ kó má bàa tètè ya. Wo bí orí rẹ̀ ṣe rí róbótó sí. Èyí tí róbótó orí rẹ̀ jẹ́ 0.8 mìlímítà ti pọ̀ jù fún ọ, ra 0.2 tàbí 0.4. Bí o bá sì ní 0.4, tí o ń fá 0.05 ní ẹ̀ẹ̀kan, etí róbótó nìkan ló ń kan irin, títì ló ń tì í, kò gé e. Àwọn tí wọ́n pọ́n fún alumíníọ̀mù, tí lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn jẹ́ CCGT, mú gan-an, wọ́n sì ń fá mild steel dáadáa lórí lathe kékeré bí ìjìn kò bá pọ̀.

Gíga ọ̀bẹ ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, kò sì sí èyí tó rọrùn tó o láti yẹ̀ wò. Orí ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ bá àárín gbùngbùn irin dọ́gba. Mú rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́, fi há àárín orí ọ̀bẹ àti ara ọ̀pá tó yípo, kí ẹ̀rọ wà ní pípa. Rọra yí cross-slide títí rúlà yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Bó bá dúró ṣánṣán, gíga rẹ̀ tọ́. Bí orí rúlà bá tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ, ọ̀bẹ ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ó ti ga jù. Ẹ̀rí mìíràn ni pé kí o fá ojú irin láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín: bí kókó kékeré kan bá ṣẹ́kù gedegbe láàárín, ọ̀bẹ lọ sílẹ̀. Ọ̀bẹ tó ga jù kì í gé, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń ha irin. Fi irin pelebe gbé e sókè tàbí kí o yọ díẹ̀ kúrò títí kókó yẹn kò fi ní sí mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, fọwọ́ mi toolpost (ohun tó di ọ̀bẹ mú). Bí o bá gbọ́ kò-kò, dì àwọn gib (irin pelebe tó ń dí àlàfo) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ cross-slide àti top-slide (èyí tó wà lórí rẹ̀, lábẹ́ toolpost) títí wọn ò fi ní mì mọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ṣì lè yí wọn láìjà. Top-slide ni ibi tó máa ń rọ jù lórí ẹ̀rọ kékeré. Bí o kò bá ń lò ó lọ́wọ́, dì í pa. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń yọ ọ́ sọnù pátápátá, wọ́n á gbé kùkùté irin kan síbẹ̀ kí toolpost jókòó lé e, mo sì rò pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àtúnṣe tó wúlò jù tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Gígékúrò wá rọrùn bí o bá ti ṣe gbogbo èyí, torí ohun kan náà ló ń bá a jà. Gé e lẹ́bàá chuck, má ṣe é ní ọ̀nà jíjìn. Ọ̀bẹ ìgékúrò kò gbọdọ̀ yọ jáde ju bí yóò ṣe dé àárín irin lọ, kó dọ́gba pẹ̀lú àárín irin, kó sì tọ́ sí ọ̀pá gan-an. Bó bá wọ́ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ha ihò tó ń gé. Dì carriage pa mọ́ bed. Dín eré kù sí bí ìdajì èyí tí o fi ń fá, ta ọ́ìlì sí i, kí o sì máa tì í wọlé láìdáwọ́ dúró. Èérún irin tó bá ń ká wá lódindi fi hàn pé o ń ṣe é dáadáa. Èyí tó bá ń dà bí lẹ́búlẹ́bú fi hàn pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Bó bá ké, má fà á padà, fi díẹ̀ kún bí o ṣe ń tì í. Má fi ọ̀bẹ gé irin tí center ń tì lórí títí dé òpin láé: irin á pa ọ̀bẹ dé bó bá ti fẹ́ já. Bí ó bá ṣì ń kán, mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbé ọ̀bẹ ìgékúrò sẹ́yìn irin, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Níbẹ̀, agbára irin á máa gbé ọ̀bẹ sókè kúrò nínú irin dípò tí ì bá fi máa fà á wọlé, ìgbà tí ó bá sì fẹ́ há, á kàn yẹ̀ ni.

Irin wo lò ń lò, pàápàá? O ní mild steel, ṣùgbọ́n bóyá àjákù kan tí o rí lo ń pè bẹ́ẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń di kọnkéré le níbì kan, ó rọ̀ níbòmíràn, kò sì sí ẹni tí ojú irin rẹ̀ dán lórí rẹ̀. Ra ọ̀pá kékeré kan lára irin tó rọrùn láti gé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 12L14 tàbí EN1APb, tí wọ́n pò òjé mọ́. Fá a. Bí ojú rẹ̀ bá dán, o ò níṣòro kankan pẹ̀lú ẹ̀rọ, irin àkọ́kọ́ yẹn ni kí o jù nù.

Má fi kọ́kọ́rọ́ chuck sílẹ̀ lẹ́nu chuck, má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, má fi ọwọ́ fa èérún irin, kí o sì máa lo awò. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ rí.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí n ní kí o tà á, ìyẹn ni bí bed bá ti jẹ lẹ́bàá chuck, níbi tí carriage ti máa ń lọ máa bọ̀ jù. Dì gib carriage níbẹ̀ títí kò fi ní mì, kí o wá rọra yí i lọ sápá tailstock. Bó bá ń le sí i bó ṣe ń lọ, tó sì há kó tó dé òpin, bed ti jẹ. Àní, ó ṣì lè fá irin kúkúrú fún ọ lọ́dún púpọ̀ sí i, bí o bá mọ ibi tó ti jẹ. Bó bá rìn dédé dé òpin, tí òrùka méjèèjì sì bára mu, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹ̀rọ náà kò ṣe nǹkan kan.